Ohùn Tó Ń Borí Ẹ̀rọ

"Àǹtí Mọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohùn yín kọ́ ló wà nínú orin yẹn?"

Ìbéèrè tí mo bi í nìyẹn. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wà nígbà náà, n kì í sì í bi àgbà ní ìbéèrè. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹni tó mọ ìdáhùn nawọ́ sókè, màá mọ̀ ọ́n, màá sì fi ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, mo di abọ́ mi mú, mo sì bi í.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ ni. Etí gbogbo wa ṣì ń hó. Ó wò mí. Ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn mi. Ó wo Beauty àti àwọn ọmọ kíláàsì mi mìíràn tí wọ́n fẹ̀yìn ti páànù, tí wọ́n ń retí. Lẹ́yìn náà ó fi etí ìró rẹ̀ nu èlùbọ́ kúrò lójú.

"Gbé abọ́ rẹ, Waheedat," ó ní. "Ó ti kúnná."

Èsì tí mo gbà nìyẹn, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí n tó gba òmíràn.

Ní Ṣakí, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ògbòòrò, ilé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi páànù kàn yíká. Ìyá Akínyẹlé ló ni ín. Mọ́ládé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ náà. Iṣu pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, orí àpáta gbogbo a máa funfun fún iṣu bíbó tí wọ́n sá sí i, bí ó bá sì gbẹ tán, ilé ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ìyá mi ń ta èlùbọ́, nítorí náà ọ̀nà ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, lẹ́yìn ọ̀nà ilé ìwé àti ọ̀nà ilé kéwú.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ bí a ṣe ń tò níbẹ̀. Èèyàn kì í tò. Abọ́ ló ń tò. Wàá gbé abọ́ rẹ sẹ́yìn èyí tó o bá nílẹ̀, wàá sì bá tìrẹ lọ. O lè lọ sọ́jà, o lè lọ kírun. Kò sẹ́ni tó máa sún abọ́ rẹ sẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sún tòun náà. Bí ó bá kan abọ́ rẹ, onílé ẹ̀rọ á pè ọ́. Òfin kan tún wà: ẹni tó ni abọ́ ló ni èlùbọ́. Èlùbọ́ kò ní ojú tí a fi ń dá a mọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, abọ́ nìkan ni ẹ̀rí.

Pípè yẹn ni iṣẹ́ tó le jù. Ẹ̀rọ náà kì í sinmi. Gbì, gbì, gbì ló ń lu láti àárọ̀, ẹni tó bá dúró tì í kì í gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí. Nígbà tí Ìyá Akínyẹlé ló ń pe àwọn èèyàn, ṣe ló máa ń pariwo, ohùn rẹ̀ á sì ti há kí ọ̀sán tó pọ́n. Àǹtí Mọ́ládé kì í pariwo. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ní àlàfo. Kí ó tó lu, ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mí. Inú àlàfo yẹn ló máa ń fi orúkọ sí. Bí ó bá fẹ́ pe Ìyá Kàdírì, á gbé "Ìyá" jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, ohùn tó nípọn, tó ń ha bí òkúta tí wọ́n ń wọ́ lórí páànù. Á wá dúró. Ẹ̀rọ á lu. Á tún dúró. Àwa tí a jókòó kò ní mí mọ́, à ń retí. Nígbà tí a bá rò pé ó ti gbàgbé, á ju "Kàdírì" sílẹ̀. Kò ní gbé e ga. Ṣe ni yóò jẹ́ kó já bọ́, ìparí rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lọ títí dé ìdí igi máńgòrò tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tí Ìyá Kàdírì ti ń ta epo.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohùn ọkùnrin ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ní kó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, pé ohùn rẹ̀ ń bo ti àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ìyá Kàdírì kì í sì í jẹ́ kó sinmi.

"Mọ́ládé, lọ́jọ́ tí pásítọ̀ bá ní kí ìyàwó dáhùn pé òun gbà, jọ̀ọ́, rọra o, kí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì má lọ ṣí!"

"Ẹ má dààmú, Ìyá Kàdírì. Ẹ̀yin ni mo máa bẹ̀ kí ẹ bá mi dáhùn."

"Èmi kẹ̀? Kí n wá fi ohùn ológbò mi lé ọkọ ọlọ́kọ lọ?"

Gbogbo ilé ẹ̀rọ á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.

Akínyẹlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé ìwé gíga ní Ìbàdàn. Gìtá ni ó ń ta níbẹ̀ ju ìwé tó ń kà lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀, orin wọn kì í ṣe fújì, kì í sì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Hẹfi mẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó wá lo ìsinmi nílé, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí nílé ẹ̀rọ, ó ní kí a gbọ́ ọ̀kan nínú irú orin náà, tí àwọn òyìnbó kan kọ. Àwọn gìtá ń ké bí irin tí wọ́n ń fi ayùn gé. Ìlù kò sinmi. Ọkùnrin tó ń kọrin sì ń bú ramúramù láàrin wọn.

Ìyá Kàdírì fi ọwọ́ di etí. "Akínyẹlé, ṣé ẹ̀rọ tìrẹ ló bàjẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n Àǹtí Mọ́ládé sún mọ́ fóònù náà, ó tẹ etí sí i.

"Ẹni yìí ò pariwo o," ó ní. "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Àlàfo ló ń wá."

Akínyẹlé wò ó lójú fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ó wá mú un lọ sí Ìbàdàn. Ìyá wọn sọ fún àwọn oníbàárà pé Mọ́ládé lọ kí àbúrò bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pe àwọn èèyàn títí tí ọmọ rẹ̀ fi dé, ohùn rẹ̀ sì há pátápátá, ó di pé ó ń juwọ́. Nígbà tí Àǹtí Mọ́ládé padà dé, inú rẹ̀ dùn lọ́nà tí n kò rí rí. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí ó ti ń da iṣu sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ìlà kan níbẹ̀: "Pè mí lórúkọ kí n tó di eruku." Mo rò pé èlùbọ́ tó bò ó lára ló fi ń ṣe àwàdà.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, orin kan jáde láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Akínyẹlé. *Kí N Tó Di Eruku* ni wọ́n pè é. Kí òjò tó mulẹ̀, ó ti wà lórí fóònù àwọn ọlọ́kadà, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé wa. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ṣakí ló ṣe é, ìyẹn sì tó. Fídíò wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó rẹwà ló dúró láàrin àwọn onígìtá, ó wọ aṣọ dúdú àti bàtà gíga, ó ń mi irun, ó ń la ẹnu. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin ni Faith. Àfẹ́sọ́nà Akínyẹlé ni.

Beauty, tí a jọ wà ní kíláàsì, ló fi hàn mí, lórí fóònù tó fi pa mọ́ sínú àpò ìwé rẹ̀. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà mo di ojú, mo sì gbọ́ ọ.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, lábẹ́ àwọn gìtá, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù. "Pè mí," ó ní. Ó dúró. Ìlù lu. Ó tún dúró, ó pẹ́ ju bí olórin ṣe ń pẹ́ lọ, débi pé Beauty wo fóònù bóyá ó ti dákú. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ mọ́, ó ju "lórúkọ" sílẹ̀. Kò gbé e ga. Ó jẹ́ kó já bọ́, ìparí rẹ̀ sì ń gbọ̀n lọ. Olórin mìíràn ì bá ké nígbà tó dé "eruku", torí ibẹ̀ ni ìlù ti pọ̀ jù. Òun kò ké. Ó fa ohùn náà tín-ín-rín bí èlùbọ́ tó ń gba ojú asẹ́ kọjá, gbogbo ariwo yòókù sì wá dà bí ẹni pé àwọn ló ń bẹ̀ ẹ́ kó má tíì parí. Ara mi bù máṣọ. N kò tíì gbọ́ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ.

"Àǹtí Mọ́ládé nìyẹn," mo ní.

"Èwo ni Àǹtí Mọ́ládé?" Beauty bi mí.

"Ti ilé ẹ̀rọ."

Àwọn tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́ládé elélùbọ́! Waheedat, ṣé ojú ẹ ń ríran ṣá? Ṣé Mọ́ládé ló gun bàtà yẹn?"

"N kò sọ pé ojú rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ni mo sọ."

"Ẹ gbọ́! Ẹni tí kì í la ẹnu ní kíláàsì ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ohùn," Beauty ní. "Ó dáa, jẹ́ ká lọ bi í. Tó bá wá ní òun kọ́ ńkọ́?"

"Kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

Mo fi gbogbo ọkàn mi sọ ọ́. Bí a ṣe jọ lọ sí ilé ẹ̀rọ nìyẹn lẹ́yìn ìwé, tí mo sì bi í ní ìbéèrè tí ẹ ti gbọ́, tí ó sì ní kí n gbé abọ́ mi.

Kò sọ pé òun kọ́. Kò sì sọ pé òun ni. Fún àwọn Beauty, ọ̀kan náà ni. Kí a tó dé orígun, wọ́n ti sọ mí ní Elétí-Ìyanu. Bí mo bá ní mo gbọ́ aago, wọ́n á ní, "Elétí-Ìyanu, ṣé aago ni àbí Mọ́ládé?" Bí mo bá sọ ohunkóhun, wọ́n á béèrè bóyá irọ́ ti tẹ́lẹ̀ ni mo tún fẹ́ pa. Olùkọ́ ìṣirò wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní orúkọ náà láìmọ ibi tó ti wá. Mo padà sínú ìdákẹ́jẹ́ mi, mo sì tì í lẹ́yìn ara mi bí ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ wọn ló dùn mí jù. Mo dúró ti Àǹtí Mọ́ládé níbi tí òun kò sí. Nígbà tí òun wà níbẹ̀, kò dúró tì mí.

Mo ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀rọ, torí èlùbọ́ ìyá mi kò mọ̀ pé inú mi kò dùn. Mo ń kí i, ó ń kí mi. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, á wá wo ìyá rẹ̀ lórí àpótí, á sì da iṣu sí i.

Ọdún kan kọjá báyìí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí orin kejì dé. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti já, Àǹtí Mọ́ládé sì kúnlẹ̀, ó ń fi irin tú u. Ọlọ́kadà kan tó gbé àpò iṣu wá ló tẹ fóònù rẹ̀.

"Mọ́ládé, orin tuntun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe rèé o! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ni."

Ó fi irin náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn, bí ojú ẹni tó rí i pé abọ́ kan péré ló kù níwájú tòun.

Faith ló ń kọrin. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì ni. Wọ́n ti kọ́ ọ. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń dúró, ìlù á lu, á tún dúró, á wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já bọ́, ìparí rẹ̀ á sì gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ pé. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ dáadáa kò ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n Faith ń dúró, kò sì sí ohun tó ń dúró dè. Kò sí ẹ̀rọ kankan létí rẹ̀. Ó dà bí ọmọ tuntun nílé kéwú tó ń tẹ̀ lé àfáà, tó mọ ibi tí àfáà ti ń sinmi, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí tó fi ń sinmi níbẹ̀.

Àǹtí Mọ́ládé gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ó ṣe dáadáa," ó ní fún ọlọ́kadà náà. Ó mú irin rẹ̀, ó sì padà sídìí bẹ́líìtì. Ó gbìyànjú títí, irin náà kò wọ ihò rẹ̀.

Nígbà Kérésìmesì, Akínyẹlé wá sílé. Mo gbé abọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá ẹ̀rọ ní pípa. Òun, àbúrò rẹ̀ àti ìyá wọn ló wà nínú ilé. Àpò iṣu tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ga jù mí lọ, nítorí náà wọn kò rí mi, n kò sì mọ bóyá kí n wọlé tàbí kí n padà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní orin kejì lẹ máa fi orúkọ mi sí." Ohùn Àǹtí Mọ́ládé rọlẹ̀. "Ẹ ní kí n ní sùúrù, pé ó máa kàn mí. Ẹ ní tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, kí n má dáhùn. Mo gbà fún yín. Ọmọ kékeré kan dúró níbí yìí, ó bi mí lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, mi ò dá a lóhùn. Ẹ wá lọ kọ́ Faith."

"Gbọ́, Mọ́ládé. Àwọn tó ń wo orin yìí, ojú ni wọ́n ń wò. Kí lo wá pàdánù nínú ẹ̀? Abọ́ Faith ni mo kàn gbé síwájú. Èlùbọ́ tìẹ ló wà nínú ẹ̀."

"Inú ilé ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà. Ẹni tó ni abọ́, kí ló tún ni?"

Àǹtí Mọ́ládé kò dúró de èsì.

"Ẹ jókòó tì í, ẹ kọ́ ọ bí mo ṣe ń mí. Ẹ kọ́ ọ bí mo ṣe ń pe Ìyá Kàdírì."

"Ohùn rẹ tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo fi…"

"Mo mọ ohun tí ẹ fi kọ́ ọ."

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Ìyá wọn ló sọ̀rọ̀. "Má da ẹ̀gbọ́n rẹ láàmú mọ́. Èmi ni mo ní kó má ṣe fi orúkọ rẹ síbẹ̀."

"Ẹ̀yin, Mọ́mì?"

"Èmi náà ni. Ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí gbogbo ayé gbọ́ pé ó ń bú bí akọ màlúù? Mo fẹ́ gbé ọmọ rẹ jó kí n tó kú, ìyẹn nìkan ni mò ń wá. Orin ni, á kọjá lọ."

Mo gbọ́ tí Àǹtí Mọ́ládé mí sínú, irú mímí tó máa ń mí kó tó pe orúkọ. Mo dúró lẹ́yìn àpò iṣu, mò ń retí ohun tí yóò já bọ́. Kò sí ohun tó já bọ́. Mo gbé abọ́ mi, mo sì rọra padà sílé.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ kan ti so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Bí ó bá kan abọ́ kan, Àǹtí Mọ́ládé á fi irin lu ríìmù náà. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdààmú bá gbogbo wa. Bí irin bá ti dún, gbogbo èèyàn á sáré dé, wọ́n á máa wo ojú ara wọn.

"Ta lo wá lu yẹn fún báyìí?" Ìyá Kàdírì á béèrè, epo á máa kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Mọ́ládé, àbí o ti sọ wá di ọmọ ilé ìwé ni? Ká wá tò sórí ìlà ká kọrin àárọ̀?"

Àǹtí Mọ́ládé á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì na ìka sí abọ́ tó kàn.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn kò fi abọ́ sílẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n ń dúró tì í. Èèyàn wá ń tò, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ọkọ tí ìyá rẹ̀ ń retí kò wá.

Mo ti wá mọ ìdí tí kò fi dá mi lóhùn. Mo rò pé mímọ̀ náà yóò mú kí ó fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó dákẹ́, ó sì fi mí san owó ìdákẹ́ náà. Títí mo fi dé kíláàsì àṣejáde, Elétí-Ìyanu ni mo ń jẹ́.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí a parí ìdánwò àṣejáde, ìyá mi rán mi lọ sí ilé ẹ̀rọ. Èrò pọ̀. Abọ́ mi wà láàrin, mo sì dúró tì í. Beauty wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú garawa ìyá rẹ̀. A ti dàgbà, a máa ń kí ara wa, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé orúkọ tó sọ mí.

Bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ti ẹni tó wà níwájú mi ni jíìpù kan dúró. Akínyẹlé sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Akínyẹlé ti rù. A ti gbọ́ ní Ṣakí pé Faith ti já a sílẹ̀, ó ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, àti pé orin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kò rìn. Ọkùnrin kejì wá láti Èkó. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa gbé orin àwọn olórin jáde.

Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó ń pariwo kí Àǹtí Mọ́ládé lè gbọ́ ọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ohùn tó wà nínú orin àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo èèyàn ń béèrè! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́!"

"Òun ni!" Akínyẹlé náà pariwo. "Mo ti sọ fún yín. Àbúrò mi gan-an ni. Mọ́ládé, sọ fún wọn."

Ìyá wọn ti dìde lórí àpótí. "Òun ni o! Ọmọ mi ni! Láti kékeré ni ohùn náà ti wà lọ́fun rẹ̀, Ọlọ́run ló fi jíǹkí rẹ̀!"

N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ akọ màlúù lọ́jọ́ náà.

Àǹtí Mọ́ládé kò wò wọ́n. Ó da iṣu tó kẹ́yìn sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gbọn ọwọ́. Ìyá Kàdírì tó ti sáré wá láti ìdí epo rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀, kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe.

"Àǹtí," ọkùnrin Èkó náà tún pariwo, "ẹnu yín ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ. Ṣé ohùn yín ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù ná, ọ̀gá," Àǹtí Mọ́ládé ní. "Ẹnì kan wà níwájú yín."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn abọ́ tó tò sílẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Abọ́ mi ló kàn. Àǹtí Mọ́ládé mú irin, ó na ọwọ́ sí ríìmù. Lẹ́yìn náà ó fi irin náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń lu, gbì, gbì, gbì. Mo rí i tí ó mí sínú. Ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mi jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, ohùn tí a kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì dúró. Ẹ̀rọ lu. Kò sẹ́ni tó mí nínú ilé náà. Ó tún dúró, ó sì jẹ́ kí ìyókù orúkọ mi já bọ́, ó sì ń gbọ̀n lọ kọjá jíìpù, kọjá ọ̀nà, títí dé ìdí igi máńgòrò.

Beauty sún mọ́ etí mi láti ẹ̀yìn, ó ní, "Áà."

Mo súnmọ́ iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ni mo wà. Àǹtí Mọ́ládé na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ. Etí gbogbo wa ń hó. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó sì wò mí bí ó ṣe wò mí lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n kò wo ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Waheedat," ó ní, "o bi mí léèrè nígbà kan, mo ní kí o gbé abọ́ rẹ. Wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, mo sì ń gbọ́ ọ láti ibí, mo dákẹ́. Ohùn mi ni. Ìwọ lo kọ́kọ́ béèrè, kò sì sí ẹni tó rán ọ. Ohùn mi ni."